Kí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀ka Tó Wọ Ilé Iṣẹ́ Yín

Orí yìí wà fún akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, akápò ilé-ìwé, alábòójútó ilé ìwòsàn àti ẹnikẹ́ni ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti gbogbo Ìgbómìnà Ọ̀ṣun tí ìgbìmọ̀ ti rán níṣẹ́ pé kó lọ wá ẹ̀rọ tí yóò máa fi ìka tàbí ojú dá ènìyàn mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa mọ́. A ti tẹ̀ka fún káàdì ìdìbò. A tẹ̀ka fún BVN lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ gbé e kalẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2014. A tò sórí ìlà fún nọ́ńbà NIN, a fi gbogbo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ń tẹ̀ka kí wọ́n tó wọlé ṣe ìdánwò JAMB. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìjọba tàbí báńkì ló ń gbà á lọ́wọ́ wa. Ní báyìí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ aládùúgbò yín, ẹ̀yin náà ni wọn yóò sì wá bá nílé bí nǹkan bá dàrú.

Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ yóò fi hàn yín bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń mú ayédèrú. Ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ wá bi í bí yóò ṣe ṣe ti ìyá tó ti ń rin ẹ̀gẹ́ láti ogún ọdún, tó jẹ́ ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́, tó san owó rẹ̀ pé, tí ẹ̀rọ sì ní òun kò mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Gbígbé ẹ̀rọ kọ́ ara ògiri kò gba ọjọ́ kan.

Kí lẹ fẹ́ kó ṣe fún yín?

Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo kí ẹ tó pe oníṣòwò kankan. Bí àwọn kan bá ń bá ọ̀rẹ́ wọn fọwọ́ sí rẹ́jísítà òwúrọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka lè dá a dúró. Bí ẹnìkan bá ti gba owó àfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn rí nítorí pé orúkọ wọn jọra, ó lè dá ìyẹn náà dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn yín bá jẹ́ pé àwọn olùkọ́ ń dé lásìkò tí wọn kì í sì í wọ kíláàsì, ẹ tọ́jú owó yín. Ẹni náà yóò tẹ̀ka tán, yóò sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ń ṣètò owó oṣù ló ń fi orúkọ èké kún ìwé, ẹ̀rọ tó wà níkàáwọ́ ẹni yẹn kan náà kò ní mú un láé.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú òṣìṣẹ́ ló sábà máa ń gbé àwọn ìgbìmọ̀ dìde. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ IPPIS, ètò ìsanwó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún 2007 nítorí rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìtẹ̀ka yọ orúkọ kúrò nínú ìwé owó oṣù láti ìgbà náà. Ní Ọ̀ṣun níbí, àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ tí ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè gbé lé ilé iṣẹ́ aládàáni kan lọ́wọ́ fa àríyànjiyàn gidigidi. Ilé iṣẹ́ náà ní orúkọ tó lé ní 8,000 jẹ́ ti ayédèrú. Ìjọba ní nígbà tí àwọn tún un yẹ̀ wò, ènìyàn gidi tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. N kò dá sí ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n kí gbogbo ìgbìmọ̀ ní Ìlá ronú lé e kí wọ́n tó yọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a kò rí lọ́jọ́ àyẹ̀wò lè wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn, ó lè wà ní ìsinmi ìbímọ, ó lè wà ní ibi tí ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ. Kò sí ètò tó dára tí yóò dá owó ènìyàn dúró nítorí àìwá ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnìkan fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wá a dé ilé.

Ohun tí ẹ̀rọ mọ̀

Nígbà tí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbé ìka lé ẹ̀rọ, ẹ̀rọ máa ń wá ibi tí ilà ìka ti dópin àti ibi tí ilà kan ti là sí méjì. Ó ń sọ ipò àwọn ibi wọ̀nyí di nọ́ńbà, nọ́ńbà náà ló sì ń tọ́jú. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é ní template. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá padà wá, ẹ̀rọ yóò ṣe nọ́ńbà tuntun, yóò sì wò ó bóyá méjèèjì sún mọ́ra tó. Wọn kì í bá ara wọn mu délẹ̀délẹ̀, nítorí ìka lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè tutù, ó lè ní eruku. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ pinnu bí ìjọra náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Bí ẹ bá mú un le jù, ẹ̀rọ yóò máa lé ojúlówó. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ jù, yóò máa gba àjèjì. Kò sí ẹ̀rọ tó bọ́ lọ́wọ́ èyí, bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé tòun kì í ṣe àṣìṣe, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní òṣìṣẹ́ yín jẹ́ 400, tí wọ́n ń tẹ̀ka láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìgbà 800 nìyẹn lójúmọ́. Bí ẹ̀rọ bá kọ ojúlówó lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìgbà 100, ìgbà mẹ́jọ ni lójúmọ́, ogójì ní ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú ni pé ìyà náà kì í pín kárí. Àwọn kan náà ni ẹ̀rọ yóò máa kọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: agbálẹ̀, alásè, ẹni tó ń tún ọgbà ṣe, òṣìṣẹ́ tó ti dàgbà. Akọ̀wé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títẹ kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ má bi ọ̀gá. Ẹ lọ bi agbálẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ lè gbà wá ènìyàn. Ó lè gba ìka kan kó sì máa fi wé ti gbogbo ènìyàn tó wà nínú ìwé, ó sì lè kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà ẹni náà kó tó fi ìka rẹ̀ wé ti ẹni kan ṣoṣo tó ni nọ́ńbà ọ̀hún. Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ilé ìwòsàn, ọ̀nà kejì ni mo fara mọ́. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, àyè tí ìka ẹnìkan fi lè bá ti ẹlòmíràn ṣì kéré gan-an, káàdì tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ bí iná bá lọ.

Ojú ńkọ́? Ó wuni nítorí pé kò béèrè kí ènìyàn fọwọ́ kan nǹkan, fóònù lásán sì lè ṣe é. Ẹ rántí pé a ń bí ìbejì púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìbejì tó ti inú ẹyin kan jáde lè ru ẹ̀rọ ojú lójú, ṣùgbọ́n ilà ìka Táíwò kì í ṣe ti Kẹ́hìndé. Àwọ̀ ara wa náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2018, Joy Buolamwini, ọmọ Ghana tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, àti Timnit Gebru yẹ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́ta wò, àwọn ẹ̀rọ tó ń wo ojú sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, èyí tó burú jù nínú wọn ṣe àṣìṣe tó tó ìdá 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò ju ìdá 0.8 lọ. Ní ìparí ọdún 2019, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ NIST rí i pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ojú ló ń fi ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan pe èkejì ju bí wọ́n ṣe ń ṣe é sí àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ẹ̀rọ ti dára sí i láti ìgbà náà, ó sì yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ lo ojú, ẹ ní kí oníṣòwò fi ojú àwọn ènìyàn yín dán an wò níṣojú yín, pẹ̀lú gèlè, pẹ̀lú híjáàbù, pẹ̀lú fìlà, nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀.

Ìwé orúkọ ló ṣáájú

Ohunkóhun tí ẹ bá kọ fún ẹ̀rọ ni yóò gbà gbọ́. Bí orúkọ òkú bá wà nínú ìwé yín, tí ẹnìkan sì wá fi ìka tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ ti sọ ayédèrú di ojúlówó nìyẹn, ẹ sì ti fi èdìdì lé e. Títún ìwé orúkọ ṣe lè gba oṣù méjì. Ẹ jẹ́ kó gbà á.

Ní àgbègbè wa, orúkọ nìkan kò tó láti fi dá ènìyàn mọ̀. Adéyẹmí mẹ́ta lè wà nínú agboolé kan. Obìnrin kan lè máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ní báńkì, kó máa jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ nínú NIN, kí gbogbo ọjà sì máa pè é ní Ìyá Bọ̀dé. Ọjọ́ ìbí ọ̀pọ̀ àgbà jẹ́ èyí tí ẹni tó bá wọn kọ fọ́ọ̀mù fojú dá. Nítorí náà, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́, kí ẹ sì kọ gbogbo orúkọ tó ń jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, kí alága ẹ̀ka rẹ̀ àti olórí agboolé rẹ̀ jẹ́rìí sí i, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe kó ẹ̀dà ìwé NIN jọ sínú fáìlì. Wíwò ó kí ẹ rí i pé orúkọ bára mu ti tó; ìwé tí ẹ kò tọ́jú kò lè bọ́ sọ́wọ́ olè.

Ọwọ́ tí ẹ̀rọ kò mọ̀

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí pẹ́, nítorí pé àgbègbè oníṣẹ́ ọwọ́ ni tiwa. Adẹ́mu tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ̀ a máa le. Ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́, ẹni tó ń po epo, agbẹ tó ń kọ ebè, bíríkìlà tí símẹ́ńtì ń jẹ ní ìka, onídìrí tí kẹ́míkà irun ń bọ́ awọ ọwọ́ rẹ̀, aláró, agbẹ́gilére: ilà ìka gbogbo wọn ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ orí náà ń ṣe tirẹ̀, awọ àgbà a máa rọ̀, a sì máa gbẹ. Nígbà ọyẹ́, kódà ọ̀dọ́ a máa ní ìka tó sán. Ẹni tó lé làálì dé orí ìka lè ní ìṣòro fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan sì wà tí ìka wọn ti gé, tàbí tí àìsàn ti mú lọ.

Ẹ lè ṣe púpọ̀ kí ẹ tó sọ pé ìka ẹnìkan kò ṣeé kà. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu ìka náà, kí ẹ nù ún gbẹ. Bí ó bá gbẹ jù, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, kí ẹ nù ún kúrò. Ẹ má dúró lórí àtàǹpàkò nìkan, nítorí pé òun ni iṣẹ́ ń jẹ jù; ìka òrùka àti ìka ọwọ́ òsì sábà máa ń ní ilà tó ṣì mọ́. Ẹ gba ìka mẹ́rin ó kéré tán lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, méjì lápá kọ̀ọ̀kan, kí ọgbẹ́ ọ̀sẹ̀ kan má bàa sọ ẹni náà di àjèjì. Bí ẹ bá lè yan àsìkò, ẹ má ṣe ìtẹ̀ka láàárín ọyẹ́. Ẹ má sì ra ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹ ti yá ọ̀kan, kí ẹ kó ogún ènìyàn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn le jù nínú ẹgbẹ́ yín jọ, kí ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti oko dé. Oníṣòwò tó bá kọ ìdánwò yìí ti dá yín lóhùn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn kan yóò ṣẹ́kù. Kò burú. Ẹ ti ní láti mọ ohun tí ẹ máa ṣe fún wọn ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan lọ dìbò ní ìlú rẹ̀, Otuoke, ẹ̀rọ tó ń ka káàdì sì kọ ìka rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ mìíràn wá, òun náà kọ̀. Ìwé ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò níkẹyìn. Ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà mọ ojú rẹ̀ nìyẹn, tí ọ̀nà mìíràn sì ṣí sílẹ̀ fún un. Ṣé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà fún ìyá tó ń rin ẹ̀gẹ́ ní ẹgbẹ́ yín?

Ọ̀nà mìíràn náà sì gbọ́dọ̀ ní ìṣọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibẹ̀ ni ayédèrú yóò gbà. Ẹ̀rọ BVAS tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, gbé dé ní ọdún 2021 kọ́kọ́ ń wo ìka, bí ìka bá kọ̀, á wo ojú. Ìlànà tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé kò yàtọ̀ sí èyí púpọ̀: ìka lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ káàdì tó ní fọ́tò, kí òṣìṣẹ́ méjì tí kì í ṣe ẹbí ara wọn wò ó, kí wọ́n kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ara wọn sínú ìwé kan tí alága ń yẹ̀ wò lóṣooṣù. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá kọ̀ ní ìgbà mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ìlà ìka pátápátá. Ẹ fún un ní káàdì, kí ó má bàa máa dúró lójú gbogbo ènìyàn lójoojúmọ́ bí ẹni tó jalè.

Iná, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, àti ìbò 2022

Ohun tí BVAS ṣe dáadáa ni pé INEC ti kó àkọsílẹ̀ olùdìbò ibùdó kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ kò nílò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kó tó mọ ìka. Ẹ béèrè irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí oníṣòwò bá sọ pé ẹ̀rọ tòun gbọ́dọ̀ bá sáfà kan sọ̀rọ̀ ní Èkó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè ṣílẹ̀kùn, ẹ rò ó wò bí yóò ti rí lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Bátìrì inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbé e di ìrọ̀lẹ́, sólà kékeré sì ṣeé gbọ́kàn lé ju jẹnẹrétọ̀ tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ ra epo sí. Ghana rí ìjàngbọ̀n èyí nígbà ìdìbò oṣù Kejìlá ọdún 2012. Wọ́n ti kéde pé ẹni tí ẹ̀rọ kò bá yẹ̀ wò kò ní dìbò, ẹ̀rọ kọṣẹ́ ní àwọn ibùdó kan, ìdìbò ibẹ̀ sì di ọjọ́ kejì.

Apá kejì ẹ̀kọ́ náà ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ wa. A dìbò gómìnà ní Ọ̀ṣun ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022. INEC kéde pé Adémọ́lá Adélékè ló wọlé pẹ̀lú ìbò 403,371, Gbóyèga Oyètọ́lá tó ń bá a du ipò náà ní 375,027. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kíní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò fagi lé e, nítorí pé nínú ìròyìn BVAS tí àwọn olùpẹ̀jọ́ gbé wá, iye ènìyàn tí ẹ̀rọ yẹ̀ wò kò tó iye ìbò ní àwọn ibùdó kan. Inú sáfà INEC ni wọ́n ti mú ìròyìn náà jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Keje, àlàyé INEC sì ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ti fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ tán nígbà náà. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ padà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi àṣẹ sí i ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, wọ́n ní ẹni tó bá pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ àti ìwé orúkọ olùdìbò wá.

Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń gé owó oṣù. Ìròyìn tó wà lójú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lè má tíì ní ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Ẹ yan ọjọ́ kan lóṣù tí gbogbo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ tán, ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìròyìn tó jáde ṣáájú ọjọ́ náà jẹ òṣìṣẹ́ níyà. Ẹ yẹ aago ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Aago tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú yóò sọ gbogbo ènìyàn di apẹ́lẹ́yìn. Kí òṣìṣẹ́ sì ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ tirẹ̀ kí owó tó jáde.

Òfin àti oníṣòwò

Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ka ìka àti ojú tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀ kún dátà ẹlẹgẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera àti ẹ̀sìn. Òfin yìí kan ẹgbẹ́ kékeré pẹ̀lú. Ó béèrè pé kí ẹ sọ fún ènìyàn ìdí tí ẹ fi ń gbà á, ibi tí yóò wà, ẹni tí yóò rí i àti ìgbà tí yóò pẹ́ tó. Bí olè bá wọ inú rẹ̀, tó sì lè pa àwọn ènìyàn lára, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún NDPC, àjọ tó ń mójú tó dátà ní Nàìjíríà, láàárín wákàtí 72 tí ẹ mọ̀. Ìtanràn ilé iṣẹ́ tí òfin kò kà sí ńlá lè tó mílíọ̀nù méjì náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù. Ti àwọn ńlá bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù mẹ́wàá. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ojú ewé mélòó kan sílẹ̀ lórí ewu tó wà nínú ètò náà àti bí ẹ ṣe fẹ́ dín in kù. Òfin béèrè irú rẹ̀ níbi tí ewu bá ti pọ̀, yóò sì ran ìgbìmọ̀ yín lọ́wọ́ láti ronú.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ní "mo gbà" ló gbà tọkàntọkàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tó ń mójú tó dátà ní Ìlú Ọba, ICO, pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ Serco Leisure pé kó dẹ́kun fífi ojú àti ìka mọ ìgbà tí òṣìṣẹ́ wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ náà lé ní 2,000, ní ibi eré ìdárayá 38. Ẹ̀sùn àjọ náà ni pé wọn kò fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀nà mìíràn, bẹ́ẹ̀ káàdì lásán ì bá ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yẹn láìṣojúsàájú. Ní ilé-ìwé tí olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ méjìlá, tí ọ̀gá mọ ohùn gbogbo wọn, n kò rí ìdí kankan tí a fi máa gba ìka.

Ìdí tí òfin fi le ni pé a lè pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, a kò lè pààrọ̀ ìka. Ní ọdún 2015, àwọn olè íntánẹ́ẹ̀tì kó ìtẹ̀ka ènìyàn mílíọ̀nù 5.6 lọ nínú àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Gbogbo owó àti ọgbọ́n ìjọba yẹn kò lè fún wọn ní ìka tuntun. Nítorí náà, kí àdéhùn yín pẹ̀lú oníṣòwò sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀yin lẹ ni dátà. Kó sọ bóyá ẹ̀rọ ń tọ́jú àwòrán ìka gan-an tàbí template nìkan, èyí tó sàn jù. Kó sọ pé a dì í ní ọ̀nà tí ẹni tó bá jí ẹ̀rọ gbé kò fi ní lè kà á. Kó sọ iye ọjọ́ tí ẹni tó ń tún un ṣe yóò fi dé láti Òṣogbo tàbí Ìlọrin, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ oníṣòwò bá kógbá sílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ dé, ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá. Kí ó má sì jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló lè fi orúkọ kún un tàbí yọ orúkọ kúrò.

Ọjọ́ ìtẹ̀ka

Ẹ ṣe ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ náà wá síbẹ̀. Ìbẹ̀rù yóò wà. Ẹnìkan yóò ní àmì ẹranko náà nìyí. Ẹlòmíràn yóò ní owó orí ni ìjọba fẹ́ fi wá òun kàn. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ pe pásítọ̀ àti àlùfáà sí ìpàdé náà, ẹ fi ohun tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ hàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà lásán, kí ẹ sì sọ ẹni tí ẹ kò ní fún ní àkọsílẹ̀ náà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà síbẹ̀, ọ̀nà káàdì ti wà nílẹ̀ fún un.

Ẹ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ náà ní ìwà kí ẹ tó kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Ọmọ ogún ọdún kò gbọdọ̀ kàn gbá ìka ìyá àgbà mú kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí. Kó kí i, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ bá yín gbé ìka yín lé ibí yìí, kò ní dùn yín." Bí ìka bá kọ̀, kó má pariwo pé "ẹ̀rọ kò mọ mama yìí o". Kó sọ pé ẹ̀rọ ló ní ìṣòro, nítorí pé òótọ́ ni. Obìnrin tó bá fẹ́ kí obìnrin bíi tirẹ̀ gba ìka òun tàbí ya fọ́tò òun, kí ó rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ìjókòó, ibòji àti omi mímu. Ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹ gbé ẹ̀rọ lọ bá a nílé.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ lo ẹ̀rọ àti rẹ́jísítà pọ̀. Kò sí ìjìyà kankan láàárín àsìkò náà. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ̀rọ kọ̀ tí rẹ́jísítà sì fi hàn pé wọ́n wá, kí ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ọjọ́ orí wọn. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí àwọn kan náà ṣì wà nínú ìwé yẹn tí wọn kò tíì gba káàdì, ẹ kò tíì ṣetán láti pa rẹ́jísítà tì.

Ẹ tún yan ẹni tí yóò máa pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ̀yìn tì, tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kúrò, tàbí tó bá kú, ìka rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mọ́ lọ́dọ̀ yín. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ bá ti san gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán, kí òṣìṣẹ́ méjì jọ pa á rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, kúrò nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, àti kúrò lọ́dọ̀ oníṣòwò bí ẹ̀dà kan bá wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé náà lé ẹni náà tàbí ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́.